Oníbodè Inú Sẹ́ẹ̀lì: Àlàyé lórí Àṣìkọ Jíìnì Adènà-Jẹjẹrẹ nínú Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Bárakú

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àlàyé rẹ̀ kò gùn. Àrùn tí a fẹ́ wí yìí, àṣìkọ ni ó bí i. Inú ìwé kan tí olúkúlùkù wa gbé sára ni àṣìkọ náà ti ń wáyé, iṣẹ́ ẹni tí ó ń fi ìwé kíkà jẹun sì ni láti máa wá àṣìkọ kiri. Àwọn dókítà ni ó ni ìwòsàn. Èmi kò bá wọn du iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n rí ni mo fẹ́ túmọ̀ sí èdè tí a fi ń nájà ní Ọ̀tan.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ná, nítorí pé òun ni gbogbo ìyókù rọ̀ mọ́. Ènìyàn méjì lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan náà, kí ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì rí bákan náà lábẹ́ maikirosíkóòpù, kí a fún wọn ní oògùn kan náà, síbẹ̀ kí ọ̀kan gbádùn fún ọdún púpọ̀, kí èkejì má rí àǹfààní kankan. Oògùn kọ́ ni ó ṣe ojúsàájú. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: ó wà ní pípé lára ọ̀kan, ó ti bàjẹ́ lára èkejì. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí ó jẹ́ pé àpò ẹbí ni a fi ń ra oògùn, tí oko kòkó bàbá ẹni sì lè bá a lọ, ó tọ́ kí a mọ ipò tí jíìnì yẹn wà kí a tó ra oògùn àkọ́kọ́.

Irú àrùn tí a ń wí

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa àti àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń jáde lójoojúmọ́. Àwọn funfun ni ó ń bá àrùn jà. Bí ọ̀kan nínú àwọn funfun bá kọ àṣẹ, tí ó ń bí irú ara rẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì kú nígbà tí ó yẹ kí wọ́n kú, a ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ dé. Èyí tí ó yára wà, tí ó ń jó bí iná inú ọyẹ́. Èyí tí a ń wí lónìí ni bárakú, tí ó ń rọra rìn, tí ó lè bá ènìyàn gbé fún ọdún mẹ́ta, fún ogún ọdún. Ọ̀nà méjì ni òun náà pín sí. Àwọn dókítà ń kọ ọ̀kan ní CLL, èyí tí ó ti inú irú sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní lymphocyte wá; wọ́n ń kọ èkejì ní CML, tí ó ti orírun mìíràn wá. CLL ni ọ̀rọ̀ wa yóò dá lé jù, nítorí pé nínú rẹ̀ ni jíìnì tí mo ń wí ti ń ṣe ìpinnu láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ti tó àádọ́rin ọdún ni CLL sábà máa ń mú, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lọ yẹ̀ wò nítorí ohun mìíràn ni ó tú u fó. Níhìn-ín, àwọn tí ó ń dé ilé ìwòsàn kéré sí ìyẹn ní ọjọ́ orí, àrùn náà sì ti jìnnà lára wọn kí wọ́n tó dé: kókó ti so ní ọrùn àti ní abíyá, òógùn òru ń mú aṣọ rin, ìhà òsì ikùn ti le, ó ti yọ síta. Ẹ̀yà ara kan ni ó wú níbẹ̀, lábẹ́ egungun ìhà òsì, èyí tí ó máa ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ibà tí ń padà wá lemọ́lemọ́ a sì máa wú ẹ̀yà ara kan náà. Ta ni yóò dá wọn mọ̀ yàtọ̀? Ní 1991, Imelda Bates àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Kumasi ní Ghana tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lórí àwọn tí ìhà òsì ikùn wọn wú. Oògùn ibà ran àwọn kan, kò ran àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n yẹ jíìnì àwọn tí kò ràn wò, wọ́n rí i lára díẹ̀ nínú wọn pé láti ara sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ogunlọ́gọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun wọn ti ṣẹ̀, bí ọmọ ìyá kan. Ibà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ìwé inú sẹ́ẹ̀lì ni ìdáhùn wà, kì í ṣe ara ikùn tí a ń fọwọ́ tẹ̀.

Ìwé tí a kò fọwọ́ kọ

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ìwé yẹn: A, C, G, T. Gígùn rẹ̀ tó bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà. A pín in sí ìdì tí wọ́n ń pè ní krómósómù, mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Jíìnì ni ẹyọ orí kan nínú ìwé náà, èyí tí ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì bí yóò ṣe mọ púrótéènì kan. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń kà pọ̀. Ìdì mẹ́ta kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹyọ kan lára púrótéènì náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ Yorùbá mọ ohun tí àmì ohùn kan lè dá sílẹ̀. Ìyàwó ilé kọ ọ́ sínú ìwé pé, “Ọkọ́ mi wà lóko.” Ẹni tí ó ń dà á kọ gbójú fo àmì kan péré. Ọkọ́ di ọkọ, irin di ènìyàn, ẹni tí wọ́n ní kí ó lọ mú irinṣẹ́ wálé sì wọ oko, ó ń pe orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ó rí. Nínú jíìnì tí mo ń bọ̀ wá dárúkọ, ìdì kan wà, ìkarùndínlọ́gọ́sàn-án, tí a kọ ní CGC. Bí G rẹ̀ bá di A, CGC di CAC, púrótéènì tí ó yọrí sí kò lè di ibi tí ó yẹ kí ó dì mú mọ́. Lẹ́tà kan nínú bílíọ̀nù mẹ́ta! Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, lẹ́tà kan a jábọ́ pátápátá; bí a sì ti ń kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e a dojú rú. Nígbà mìíràn, ojú ìwé náà látòkèdélẹ̀ ni ó ya dànù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀dà méjì ni a ní, ti bàbá àti ti ìyá. Ní 1971, Alfred Knudson, ará Amẹ́ríkà, ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ ojú àwọn ọmọdé, ó sì ṣàlàyé pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjàǹbá gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí irú jíìnì bẹ́ẹ̀ kí àrùn tó jáde, pé bí ẹ̀dà kan bá bàjẹ́, èkejì ń dí àlàfo rẹ̀. Irú àwọn jíìnì báyìí, tí ó jẹ́ pé ìsọnù wọn ni ó ń fa ewu, ni a ń pè ní adènà-jẹjẹrẹ.

Oníbodè

Orúkọ èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni TP53. Ó wà ní apá kúkúrú krómósómù kẹtàdínlógún, ibi tí àwọn dókítà ń kọ ní 17p. Púrótéènì rẹ̀ ń jẹ́ p53. Ẹyọ 393 ni a fi tò ó. Ìtàn bí a ṣe dá a mọ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí ìtàn àṣìkọ ni. Ní 1979, àwọn onímọ̀ ní London, ní Princeton, ní Paris àti ní New York rí púrótéènì yìí láàrin ọdún kan náà. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ wọn fi kà á sí ọ̀daràn, pé òun ni ó ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀. Kí ni ó fà á? Ẹ̀dà tí wọ́n ń lò nínú àwọn yàrá àyẹ̀wò wọn ti ní àṣìkọ nínú kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Àṣìkọ ni wọ́n ń dà kọ, òun ni wọ́n sì ń túmọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe ìwádìí lórí ìwé àtijọ́ tí a fọwọ́ dà kọ yóò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní 1989 ni òtítọ́ jáde, nígbà tí Bert Vogelstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú jẹjẹrẹ ìfun pé jíìnì náà ń bàjẹ́, ó sì ń sọnù, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀daràn tí ń jèrè. Ní 1992, David Lane, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i, pè é ní olùṣọ́ ìwé inú sẹ́ẹ̀lì.

Èmi yóò pè é ní oníbodè. Ẹ rántí oníbodè ìlú wa àtijọ́, ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà odi, tí kò sí ẹrù tí ó ń wọlé tàbí tí ó ń jáde tí kò ní yẹ̀ wò. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá fẹ́ pín sí méjì gbọ́dọ̀ gba bodè kọjá. Bí ìwé inú rẹ̀ bá ti ya níbì kan, ìránṣẹ́ kan tí ń jẹ́ ATM a sáré wá sọ fún p53. P53 a dá sẹ́ẹ̀lì náà dúró: tún un ṣe kí o tó kọjá. Bí ìbàjẹ́ náà bá kọjá àtúnṣe, ó ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì náà pa ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni èyí ń ṣẹlẹ̀ lára wa, a kò sì mọ̀.

P53 kì í dá ṣiṣẹ́. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń so pọ̀, bí ọkùnrin mẹ́rin tí ó gbé ìtí igi. Bí ọ̀kan bá rọ lápá, igi ń já bọ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Nítorí náà ni ẹ̀dà kan tí ó ní àṣìkọ fi lè ba iṣẹ́ ẹ̀dà kejì jẹ́ kí òun náà tó sọnù, ohun tí àlàyé Knudson kò fẹ̀ tó láti gbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì nípa agbára oníbodè yìí, kí ó wo erin. Àjànàkú ní sẹ́ẹ̀lì lọ́pọ̀ ìlọ́po ju tiwa lọ, ó sì ń pẹ́ láyé. Ó yẹ kí jẹjẹrẹ máa pa á ju ènìyàn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ka jíìnì rẹ̀, wọ́n rí i pé ogún ni TP53 tí erin ní níbi tí àwa ní ẹyọ kan láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀dà tí a tún kọ lé ara wọn, wọ́n kò sì pé tó ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì erin tí ìwé rẹ̀ bá ya a tètè kú ju tiwa lọ.

Níbo ni àṣìkọ TP53 ti ń wá? Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, a mọ ọ̀kan dájú: oró inú ìdọ̀tí funfun tí ń hù lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa a máa yí lẹ́tà kan padà ní ìdì 249, ó sì fi àmì sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ olè. Mo fi èyí ṣe àyabá nítorí àwọn tí wọ́n ń kó àgbàdo pamọ́. CLL kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, ọjọ́ orí àti èèṣì ìdàkọ ni a mọ̀ jù. Kì í ṣe èpè, kì í sì ṣe ohun tí ìyàwó kan fi sínú ọbẹ̀.

Ìgbà tí bodè ṣí sílẹ̀

Ní ọdún 2000, Hartmut Döhner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde lórí 325 ènìyàn tí ó ní CLL. Wọ́n wo ojú ìwé tí ó ya dànù lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìyadànù ní krómósómù kẹtàlá, 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibẹ̀ ni àwọn adènà kékeré méjì wà, tí àwọn oníwàádìí tí Carlo Croce ṣe olórí wọn dárúkọ ní 2002. Ti krómósómù kọkànlá, níbi tí ATM, ìránṣẹ́ oníbodè, ń gbé, jẹ́ 18. Ti 17p, ibi tí oníbodè fúnra rẹ̀ ń gbé, kò ju 7 lọ. Ẹ wá wo ẹ̀mí wọn. Ní agbedeméjì, àwọn tí ó jẹ́ pé ti krómósómù kẹtàlá nìkan ni wọ́n ní gbé oṣù 133. Àwọn tí ó pàdánù 17p gbé oṣù 32. Orúkọ àrùn kan náà ni a kọ sí fáìlì gbogbo wọn.

Ìyàtọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀nà tí oògùn ìgbà náà ń gbà ṣiṣẹ́. Chlorambucil, tí a ti ń lò fún CLL láti ọdún pípẹ́, àti fludarabine tí ó tẹ̀lé e, kì í fúnra wọn pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Wọ́n ń fa ìwé inú rẹ̀ ya ni, wọ́n sì ń dúró de oníbodè kí ó rí i kí ó sì pàṣẹ ikú. Bí kò bá sí oníbodè ńkọ́? Ìwé ya, kò sí ẹni tí ó rí i, sẹ́ẹ̀lì náà ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Aláìsàn gba ìyà oògùn: èébì, ẹ̀jẹ̀ tí ó fà sílẹ̀, àrùn tí ń rí àyè wọlé. Àrùn fúnra rẹ̀ kò gba ìyà kankan.

Ọ̀rọ̀ náà tún burú ju báyìí lọ. Àgbẹ̀ tí ó bá ń fọ́n oògùn apakoríko kan náà sí oko lọ́dọọdún mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí koríko kan yóò wà tí oògùn kò ràn. Kì í ṣe pé oògùn ni ó dá a. Ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní ìdí kan tàbí méjì, láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Oògùn ni ó pa àwọn aládùúgbò rẹ̀, tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní 2014, Davide Rossi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì fi hàn pé lára àwọn aláìsàn kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí TP53 wọn ti bàjẹ́ wà níbẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà àyẹ̀wò àtijọ́ kò rí wọn, àwọn gan-an ni wọ́n sì gba oko lẹ́yìn ìtọ́jú. Nínú àwọn tí àrùn wọn ti borí oògùn àtijọ́, iye àwọn tí oníbodè wọn ti bàjẹ́ pọ̀ ju iye ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Ifẹ̀, àti ohun tí ó tẹ̀lé e

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ jíìnì kò kan ilẹ̀ wa. Ní oṣù August 2003, ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi ṣe aṣáájú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tí ó ní CML ní oògùn imatinib. Ètò ìrànlọ́wọ́ láti òkè òkun ni ó fi oògùn náà ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún méjì péré ni ó ti pé tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Títí di August 2007, ènìyàn 98 ni wọ́n ti tọ́jú. Ọjọ́ orí wọn ní agbedeméjì jẹ́ ọdún 36, àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ọmọ ọdún 11. Àwọn tí wọ́n ń ka oṣù tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún.

Imatinib ṣiṣẹ́ nítorí pé àṣìkọ tí ó fa CML jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀: apá kan krómósómù kẹsàn-án àti apá kan ìkejìlélógún gba ipò ara wọn, ohun tí Janet Rowley ṣàlàyé ní 1973. Oògùn náà tẹ ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbodè kò jáde kúrò nínú ìtàn yìí náà. Nígbà tí CML bá fi ìrìn pẹ̀lẹ́ sílẹ̀, tí ó di oníkánjúkánjú tí ń pani, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni a ń rí tí TP53 rẹ̀ ti bàjẹ́.

Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní ẹni tiwa tí CLL mú. Edward Said, ọmọ Palestine tí ó kọ́ni ní Columbia, tí ìwé rẹ̀ Orientalism ti 1978 yí ọ̀nà tí a ń gbà kàwé padà, gbọ́ ní 1991 pé ó ní CLL. Kanti Rai, ọmọ India, tí ó ti la ìpele àrùn náà sílẹ̀ ní 1975 fún gbogbo àgbáyé, ni ó tọ́jú rẹ̀. Ó gba oògùn, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ láàrin ìtọ́jú, ìwé náà jáde ní 1999, ó sì kú ní September 2003, oṣù kan lẹ́yìn tí ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn oògùn tí mo fẹ́ dárúkọ báyìí kò tíì dé nígbà náà.

Wọ́n ń jẹ́ ibrutinib àti venetoclax. Ní Amẹ́ríkà, a fọwọ́ sí èkíní fún CLL ní 2014, a sì fọwọ́ sí èkejì ní 2016, fún àwọn tí ó pàdánù 17p gan-an. Ìwúlò wọn ni pé wọn kò dúró de oníbodè. Ibrutinib ń gé okùn ìròyìn tí ó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ pé kí ó máa wà láàyè. Venetoclax ń mú púrótéènì BCL2 tí kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì kú, ó sì ń tú u kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ikú lè wọlé láìgba àṣẹ lọ́wọ́ p53. Àwọn tí TP53 wọn bàjẹ́ kò tíì bá àwọn yòókù dọ́gba pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tí ì bá gbé oṣù 32 lè retí ọdún púpọ̀. Owó wọn ni ó le. Oníṣègùn tí ó bá fẹ́ fi owó ẹbí tàbí ti ìjọba ra oògùn olówó gọbọi gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù, àti ẹni tí oògùn olówó pọ́ọ́kú ṣì lè ràn. Láìsí àyẹ̀wò, àfọ̀ṣẹ ni ó ń fọ̀.

Àyẹ̀wò náà jẹ́ méjì, ọ̀kan kò sì tó. Èkíní ń wò bóyá ojú ìwé 17p ti ya dànù. Èkejì ń ka TP53 fúnra rẹ̀ ní lẹ́tà-lẹ́tà, nítorí pé àwọn kan wà tí ojú ìwé wọn kò ya rárá ṣùgbọ́n tí àṣìkọ ti wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe díẹ̀ ni wọ́n. A gbọdọ̀ ṣe é kí oògùn àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì tún un ṣe bí àrùn bá padà, kí a tó yan oògùn mìíràn, nítorí pé oko tí a ro lẹ́ẹ̀kan kì í hu koríko kan náà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà fún un kò ju ṣíbí tíì mélòó kan lọ. Ẹni tí a bá ti sọ fún pé CLL ni, ì báà jẹ́ ní Òṣogbo, ní Iléṣà tàbí ní Ifẹ̀, tàbí ẹbí tí ó bá a lọ, lè bi dókítà ní ìbéèrè kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n tó lọ wá owó oògùn: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ti yẹ 17p àti TP53 wò?”